Ìlú Kan, Orúkọ Mẹ́ta

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, òótọ́ ni wọ́n sì sọ nípa ọmọ ènìyàn. Ọmọ tí a bí sí ojú ọ̀nà ń jẹ́ Abíọ́nà, èyí tí ó tẹ̀lé ìbejì ń jẹ́ Ìdòwú, ọkùnrin tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà rẹ̀ ń jẹ́ Babátúndé. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti mọ díẹ̀ nínú ìtàn ilé kí ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ti ìlú ńkọ́? Ta ni ń wo ilé kí ó tó sọ ìlú lórúkọ? Bí mo ti ń ka ìwé nípa àwọn ìlú etí òkun, mo rí i pé nígbà púpọ̀ ẹni tí ó gba ilé ni ó ń sọ ìlú lórúkọ, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́ ọ. Ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù. Bí ilé bá sì tún bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, orúkọ mìíràn dé.

Mo fẹ́ fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Ìlú náà wà ní àríwá Áfíríkà, ní etí Òkun Mẹditéráníà, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní Òkun Ńlá. Apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Àlgéríà ni ó wà, kò sì jìnnà sí ààlà Tùnísíà. Orúkọ rẹ̀ lónìí ni Annaba. Kí ó tó di Annaba nínú ìwé ìjọba, Bône ni àwọn Faransé ń pè é. Kí ó sì tó di Bône, Hippo ni.

Èdè Faransé ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ìlú yìí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé tí kì í ka ìwé Albert Camus. Ní ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 1913 ni a bí ọkùnrin náà, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Mondovi, nítòsí Bône. Bí ẹ bá gbé àwòrán ilẹ̀ òde òní, ẹ kò ní rí Mondovi níbẹ̀, Dréan ni ẹ óò rí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní rí Bône. Mo wá rò ó pé ọkùnrin tí gbogbo ayé ń ka ìwé rẹ̀ yìí, bí ènìyàn bá bèèrè ibi tí wọ́n bí i, orúkọ méjì tí kò sí mọ́ ni a óò fi dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ pinpin àwọn orúkọ wọ̀nyí, ogun ni mo sì ń bá pàdé ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Orúkọ ń lọ, orúkọ ń bọ̀, ṣùgbọ́n èbúté kò kúrò níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Nítorí èbúté yìí ni ogun ṣe ń wá ìlú náà kiri láti ayébáyé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pa orúkọ àtijọ́ rẹ̀ rẹ́ pátápátá, kì í ṣe orúkọ nìkan ni ó pa rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí èyí tí ó dàgbà jù bẹ̀rẹ̀. Ìlú náà dára ní ipò. Òkè Edough dúró tì í ní ìwọ̀-oòrùn, ó ń gba atẹ́gùn fún àwọn ọkọ̀. Odò Seybouse sì ń ṣàn wọ òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí odò náà ń bomi rin sì jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá tí oúnjẹ ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ibi tí oúnjẹ bá pọ̀, tí ọkọ̀ sì lè dúró sí láìsí ewu, ọ̀pọ̀ ojú ni yóò máa wò ó. Àwọn ọba Númídíà, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀, a máa gbé ibẹ̀ kí Rómù tó gba ilẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí àwọn ará Rómù fi ń pè é ní Hippo Regius, ìyẹn ni pé Hippo ti ọba, kí ènìyàn má baà ṣì í mú fún Hippo kejì tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, èyí tí à ń pè ní Bizerte lónìí.

Ogun kò jẹ́ kí ibẹ̀ sinmi. Ní ọdún 46 kí a tó bí Kristi, nígbà tí Julius Caesar ń bá àwọn ọ̀tá rẹ̀ jà ní Áfíríkà, ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Metellus Scipio sá wọ ọkọ̀ lẹ́yìn tí Caesar ti ṣẹ́gun rẹ̀. Ìjì gbé e dé èbúté Hippo. Ó bá àwọn ọkọ̀ ogun tí ó wà lẹ́yìn Caesar níbẹ̀, wọ́n ká a mọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ Hippo di ìlú tí ayé mọ̀ kì í ṣe ológun. Bíṣọ́ọ̀bù ni, Augustine ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà ní ilẹ̀ wa tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, síbẹ̀ àwọn tí ó mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà ni kò pọ̀ nínú àwọn tí ń jókòó síbẹ̀. Ní ọdún 354 ni a bí i ní Thagaste, ìlú tí ń jẹ́ Souk Ahras lónìí, ní Àlgéríà kan náà. Ó di àlùfáà ní Hippo ní ọdún 391. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù, ó sì wà ní ipò náà títí ó fi kú. Ibẹ̀ ni ó ti kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé rẹ̀.

Ní ọdún 429, ẹ̀yà kan tí à ń pè ní Vandal gba ilẹ̀ Spéìnì kọjá sí Áfíríkà, Geiseric ọba wọn ni ó ṣíwájú wọn. Wọ́n ń kó ìlú bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn títí wọ́n fi dé iwájú odi Hippo ní ọdún 430. Boniface, ọ̀gágun Rómù, ti sá wọ inú ìlú náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìlú mìíràn tí ogun ti fọ́ náà sá wọ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Possidius, òun ni ó sì kọ ìtàn ayé Augustine sílẹ̀ fún wa. Àwọn Vandal dó ti ìlú náà fún nǹkan bí oṣù mẹ́rìnlá, wọ́n sì dí ọ̀nà òkun mọ́ wọn. Ní oṣù kẹta, ibà dá Augustine dùbúlẹ̀. Possidius sọ pé ó ní kí wọ́n kọ àwọn sáàmù ìrònúpìwàdà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi wọ́n sí ara ògiri, kí ó lè máa kà wọ́n lórí ibùsùn. Ó kú ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 430, ẹni ọdún 75. Àwọn ọ̀tá ṣì wà lẹ́yìn odi nígbà tí wọ́n sin ín.

Kí ni àwọn Vandal ń wá? Kì í ṣe Augustine ni wọ́n ń wá. Èbúté ni wọ́n ń wá. Láti etí òkun Áfíríkà ni ọkà ti ń lọ bọ́ àwọn ará Rómù, ẹni tí ó bá sì mú àwọn èbúté náà, ọ̀fun Rómù ni ó dì mú. Nígbà tí Hippo bọ́ sí ọwọ́ Geiseric, ibẹ̀ ni ó fi ṣe ìjókòó rẹ̀ títí di ọdún 439 tí ó gba Carthage. Nígbà tí ó di ọdún 455, ọkọ̀ ojú omi ni ó wọ̀ lọ kó Rómù fúnra rẹ̀. Ẹ̀san náà sì dé. Ní ọdún 533, nígbà tí Belisarius wá gba Áfíríkà padà lọ́wọ́ àwọn Vandal, èbúté Hippo kan náà ni ó ti rí ìṣúra Gelimer, ọba wọn ìkẹyìn, gbà, níbi tí wọ́n ti dì í sínú ọkọ̀ láti gbé e sá lọ.

Ní ọ̀rúndún keje ni àwọn Lárúbáwá dé, Hippo àtijọ́ sì di ahoro díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́ ìlú tuntun sí ibi tí kò jìnnà sí i, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí Sidi Bou Merouane síbẹ̀ ní ọdún 1033, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wá dùn mọ́ àwa tí a ń kọ́ èdè. Ní èdè Látìnì, Hippo a máa yí padà sí Hipponem bí ó bá bọ́ sí ipò àbọ̀ nínú gbólóhùn. Irú èyí ni àwọn èdè tí ó ti ara Látìnì jáde máa ń dì mú, ìdí nìyí tí àwọn Faransé fi ń pe ìlú àtijọ́ náà ní Hippone. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹnu ènìyàn gé iwájú orúkọ náà kúrò. Èdè Lárúbáwá kò sì ní ìró p, b ni ó fi ń dípò rẹ̀. Ni ó bá di Buna. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní Bona, àwọn Faransé sọ ọ́ di Bône. Kí ó má yà wá lẹ́nu. Àwa náà tí èdè wa kò ní ìró v, ṣé a kò sọ David di Dáfídì, tí a sọ Eve di Éfà? Nítorí náà, Bône tí a rò pé àwọn Faransé kó bọ̀ láti ilé wọn, Hippo náà ni, ẹnu púpọ̀ ni ó kàn ti yí i padà.

Annaba kò bá wọn tan. Èso kan wà tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní ʿunnāb. Ó kéré, ó máa ń pọ́n, ó sì dùn lẹ́nu. Ìbátan igi rẹ̀ ni èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní magarya. Nítorí pé igi náà pọ̀ ní àyíká ìlú yìí, àwọn ènìyàn ń pè é ní ìlú ʿunnāb. Orúkọ yìí kì í ṣe ti àná. Hassan al-Wazzan, tí ayé mọ̀ sí Leo Africanus, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1550. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí mo máa padà sí i: nígbà tí ìjọba bá ń kọ orúkọ kan sínú ìwé, àwọn ará ọjà lè máa pe òmíràn.

Ní ọdún 1832 ni àwọn Faransé gba ìlú náà. Bône ni wọ́n kọ sí ojú ìwé, Bône ni ó sì jẹ́ fún 130 ọdún. Wọ́n tún èbúté ṣe, wọ́n fi reluwé kó irin tútù àti phosphate wá síbẹ̀ láti òkè, wọ́n sì ń kó o lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan fún Augustine sí orí òkè tí ó kọjú sí ahoro Hippo. Ọdún 1881 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1900. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Yúróòpù ló wá ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ tí kò mọ ilé mìíràn.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀, Bône wà nínú àwọn ibi tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìró àgbá. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1914, ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Breslau yọ sí i láti ojú òkun, ó rọ òjò ọta lé e lórí. Èkejì rẹ̀, Goeben, ṣe bẹ́ẹ̀ sí Philippeville tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n fẹ́ dí àwọn Faransé lọ́wọ́, kí wọ́n má lè kó àwọn ọmọ ogun Áfíríkà kọjá sí Yúróòpù. Títí di àkókò yẹn, Gẹ̀ẹ́sì kò tíì wọ inú ìjà.

Ṣùgbọ́n ogun Hitler ni ó fi hàn gbogbo ayé ohun tí èbúté yìí jẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Casablanca, Oran àti Algiers. Tunis ni wọ́n ń lé, nítorí pé ẹni tí ó bá ní Tunis ni ó súnmọ́ Sísílì àti Ítálì jù. Hitler náà kò sùn. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òfurufú kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá sí Tunis. Ó wá di eré ìje. Láti Algiers dé Tunis tó bíi 800 kìlómítà ní ojú ọ̀nà, ọ̀nà náà sì jẹ́ ọ̀nà òkè, reluwé ibẹ̀ kò sì lágbára. Bí ọmọ ogun bá lè rìn ín, àgbá, epo àti oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́? Afi kí wọ́n wá èbúté kan tí ó súnmọ́ iwájú ogun. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Láti Algiers lọ sí ìlà-oòrùn, èbúté rere tí ó kẹ́yìn kí ènìyàn tó kan Tùnísíà ni Bône.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà ni Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun kan fi agboòrùn ńlá fò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà sí pápá ọkọ̀ òfurufú ìlú náà, àwọn mìíràn sì gba ojú òkun wọ èbúté. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde. Ohun tí Ẹgbẹ́ Ogun Kìn-ín-ní ti Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ, tí ó ń yìn nínú ìbọn, tí ó sì ń rọ sínú ọkọ̀, Bône ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn ará Jámánì àti Ítálì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà bọ́ǹbù ni wọ́n ń rọ̀ lé ìlú náà, alẹ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943, bọ́ǹbù kan bá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Ajax nínú èbúté náà, ó bà á jẹ́ gidigidi.

Kì í ṣe gbígbà nìkan ni Bône gbà, òun náà nà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun mẹ́ta tí ń jẹ́ Aurora, Argonaut àti Sirius, pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré méjì, ti jáde ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ọdún 1942. Wọ́n bá ọkọ̀ mẹ́rin tí ń kó ọmọ ogun àti ẹrù lọ sí Tunis pàdé lójú òkun, nítòsí ibi tí à ń pè ní Skerki Bank. Wọ́n rì gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì rì Folgore, ọkọ̀ ogun Ítálì kan tí ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ òfurufú bá wọn lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ó sì rì Quentin, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kékeré wọn. Bí ìjà ti rí nìyẹn: ẹni tí ó rì ẹlòmíràn lóru, a rì í ní òwúrọ̀.

Òjò àti ẹrẹ̀ dá ogun dúró ní ìparí ọdún náà, wọn kò rí Tunis gbà títí di ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 1943. Ní ọjọ́ kẹtàlá, àwọn ọ̀tá túúbá ní Áfíríkà, àwọn tí a kó ní ìgbèkùn sì ju 200,000 lọ. Àwọn onílẹ̀ ńkọ́? Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ó ń fara gbá a. Kò sí ẹni tí ó bi ará Annaba léèrè bí ó bá fẹ́ kí a jagun ní èbúté rẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1945, tí àwọn ọmọ Àlgéríà jáde pé àwọn náà ń fẹ́ òmìnira, ìbọn ni a fi dá wọn lóhùn ní Sétif àti Guelma, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì kú. Guelma kò jìnnà sí Bône rárá.

Ogun òmìnira bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1954. Ní ọdún 1957 ni àwọn Faransé na ọgbà wáyà oníná láti àgbègbè Bône lọ sí gúúsù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Tùnísíà, wọ́n sì ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn ajìjàgbara má lè kó ohun ìjà wọlé. Ọgbà náà kò dá òmìnira dúró. Ní oṣù keje ọdún 1962, Àlgéríà gba ara rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará Yúróòpù sì kó ẹrù wọn wọ ọkọ̀ ní èbúté kan náà. Philippeville di Skikda, Bougie di Béjaïa, Bône di Annaba. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ìjọba tuntun dá orúkọ sílẹ̀. Orúkọ tí ó ti wà lẹ́nu ará ọjà láti ayébáyé ni wọ́n gbé wá sí ojú ìwé. Mo ní n óò padà síbẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni ó kàn wá nínú rẹ̀? Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan láìpẹ́ yìí, a jiyàn lórí orúkọ àwọn ìlú. Ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó ní kí a má ṣe kọ orúkọ tí òyìnbó amúnisìn fún ìlú kankan sínú ìwé wa mọ́, kí a pa wọ́n rẹ́, kí ọmọ wa má tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Àtẹ́wọ́ dún. Mo mọ ohun tí ó ń rò. Àwa náà ní Èkó tí àwọn Pọtogí sọ di Lagos, a sì ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n sọ di Porto-Novo. Àgbá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìn sí Èkó ní ọdún 1851, kí wọ́n tó fi ìwé àdéhùn gbà á ní ọdún 1861. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí a bá sì ń bá ará Èkó sọ̀rọ̀ ní èdè wa, Èkó ni kí a pè é, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ Annaba fún ará Annaba.

Ṣùgbọ́n èmi kò pàtẹ́wọ́ sí ìparẹ́. Bàbá àgbà bàbá mi wà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà ní ogun Hitler. Ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì ni ó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ní ilé wa, Burma ni a sì kọ sínú rẹ̀. Láti ọdún 1989, Myanmar ni ìjọba ilẹ̀ náà ń pe ara rẹ̀, Rangoon sì di Yangon. Ní ọdún tí ó kọjá, àbúrò mi gbé àwòrán ilẹ̀, ó wá Burma títí, kò rí i. Ó wá bi bàbá wa pé, "Bàbá, ṣé ilẹ̀ tí bàbá ńlá ti jagun ti run ni?" Bàbá mi ni ó fi ìka tọ́ Myanmar hàn án. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tí yóò fi ìka tọ́ ọ ńkọ́? Àwọn ará Myanmar ni ó ni ilẹ̀ wọn, ohun tí ó bá wù wọ́n ni kí wọ́n máa pè é. Àwa ni a ni ìka méjì tí ó wà nínú ilẹ̀ náà. Bí a bá pa Bọ́mà rẹ́ lẹ́nu wa, àwọn tí ó kú síbẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti kú sí ibi tí kò sí nìyẹn.

Itẹ́ òkú kan wà ní Annaba tí ó kọ́ mi ní ọgbọ́n tí mo fi ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni wọ́n sin síbẹ̀, wọ́n ju 800 lọ. Orúkọ tí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ń pè é títí di òní ni Bone War Cemetery, Annaba. Ẹ wò ó bí wọ́n ti to orúkọ méjèèjì. Bône ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ní ọdún 1943 rí nínú ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí i, òun ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò sì fi wá ibojì. Annaba ni ìlú tí ó gba òkú ọmọ náà mọ́ra, òun ni yóò sì bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀ nígbà tí ó bá dé ibẹ̀. Ẹni tí ó mọ Bône nìkan kò ní mọ ọ̀nà. Ẹni tí ó sì mọ Annaba nìkan kò ní mọ ẹni tí ó ń wá.

Nítorí náà, ìlànà tí èmi ń tẹ̀lé nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ mi nìyí, mo sì gbé e síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìlú náà lónìí, Annaba ni mo ń kọ, láìsí àlàyé, nítorí orúkọ tí onílé ń jẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọdún 1942, mo ń kọ Bône, mo sì ń fi kún un pé òun ni Annaba ìsinsìnyí. Bí ó bá kan ọdún 430, Hippo ni, pẹ̀lú àlàyé kan náà. Orúkọ àtijọ́ kì í ṣe adé tí a fi ń dá ẹni tí ó jẹ gàba lé wa lórí lọ́lá. Kọ́kọ́rọ́ ni, yàrá tí a kó ìwé àti òkú sí ni ó ń ṣí. Ẹni tí ó bá gba ilé rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọlọ́ṣà, kì í torí pé ọlọ́ṣà ni ó rọ kọ́kọ́rọ́ kan kí ó sọ ọ́ sí odò, nígbà tí ẹrù òun fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá náà.

Bí a bá lọ sí ìsinmi, mo bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí olúkúlùkù jókòó ti àwọn àgbà ilé rẹ̀ kí ó sì bèèrè orúkọ tí ìlú rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti odò rẹ̀ ń jẹ́ kí ó tó di èyí tí à ń pè wọ́n lónìí. Kí ó bèèrè ìgbà tí orúkọ náà yí padà, àti ogun tàbí ọ̀ràn tí ó yí i. Kí ó kọ wọ́n sílẹ̀, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, kí ó sì mú wọn wá fún ìwé ẹgbẹ́ yìí. Àwọn tí ó lè fi ìka tọ́ wọn hàn wá ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti dàgbà.